Ìwé Àwìn Ìyá Mi: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdáríjì

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé àwọn òbí ní ìjọ wa ní Adó-Èkìtì. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí yín ní orúkọ Olúwa wa Jésù Kristi. Nígbà tí àlùfáà wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdáríjì, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹsẹ Bíbélì. Ìwé kan ni. Ìwé pélébé tí ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò ni, epo ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá mi sì fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó fi ń tajà níwájú ilé wa. Ìwé àwìn ni.

Ìyá mi ń ta ìrẹsì, iyọ̀, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti ọṣẹ. Ẹni tí owó ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbà á láwìn, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ìwé. Èmi ni akọ̀wé, torí ìyá mi ò lọ iléèwé. Ìyá Ẹlẹ́kọ, kóńgò ìrẹsì kan. Bàbá Télọ̀, ìgò epo kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Opó kan wà ní àdúgbò wa tí gbèsè rẹ̀ ti lé ní ọdún kan. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ìyá mi ránṣẹ́ pè é. Obìnrin náà dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fi ìka lọ́ etí ìró rẹ̀. Ìyá mi ní kí n ka gbogbo ohun tó wà lórúkọ rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú tì mí. Mo kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyá mi ní kí n gbé ohùn sókè. Mo kà á tán. Ó ní, "Èló ni gbogbo rẹ̀?" Mo ṣírò rẹ̀, mo dárúkọ iye rẹ̀. Ó yíjú sí obìnrin náà: "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Obìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá." Ìyá mi wá gba bíírò lọ́wọ́ mi. Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ yìí gbá bíírò náà mú bí ẹni gbá ọ̀bẹ mú, ó fa ìlà láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀, ìwé náà sì ya níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ó ní, "Ó tán. Má ṣe mú owó yẹn wá fún mi mọ́."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo bi ìyá mi léèrè pé bó bá ti mọ̀ pé òun fẹ́ fi jì í, kí ló dé tó fi ní kí n kọ́kọ́ kà á sí i létí. Ó wò mí, ó ní: "Gbèsè tí a kò bá kà, a kò tíì fi jini. Bí mo bá kàn ní ó tán, tí n kò mọ iye tó jẹ́, lọ́jọ́ tí inú bá bí mi, ọkàn mi á tún máa bù ú sí i."

Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kan lórí ìdáríjì tó ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà, mo sì ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀.

Nínú Mátíù orí kẹfà, Olúwa wa kọ́ wa ní àdúrà, ọ̀rọ̀ tó sì lò níbẹ̀ gan-an ni gbèsè: kí Ọlọ́run dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa. Nínú ìjọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pè é, èyí náà tọ̀nà, torí Lúùkù fi ẹ̀ṣẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a sọ gbèsè yẹn nù. Ẹni tó ṣe ọ́ níbi jẹ ọ́ ní nǹkan. Ó jẹ ọ́ ní òtítọ́ tó yẹ kó sọ. Ó jẹ ọ́ ní oorun tí o kò sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé Kristẹni kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí gbèsè, ẹni náà kò ka Bíbélì rẹ̀ dáadáa.

Ibí yìí ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wa wà, ẹ̀yin àgbà, mo sì fi ara mi kún un. A máa ń yára jù. Ọ̀rọ̀ á ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, ọmọ á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ìyàwó á ní wọ́n na òun, a ó pe ìpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé obì sílẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tó sọ gbólóhùn mẹ́ta, àgbà kan á ti ní, "Ó tó, ó tó, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré." Òwe náà dára. Àmọ́ òwe kan náà ló wà fún ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo la sì máa ń pa á fún. Àwọn àgbà kan náà ló ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kí ló dé tí a kì í rántí èyí nígbà tí a bá ti gbé obì sílẹ̀? A ti ìwé náà pa láì kà á, ó wá ń yà wá lẹ́nu pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, níbi ìsìnkú, ẹnì kan ṣí i padà lójú gbogbo àlejò.

Jésù kì í ti ìwé pa láì kà á. Ẹ ṣí Mátíù orí kejìdínlógún. Pétérù bi í léèrè pé ìgbà mélòó ni kí òun dárí ji arákùnrin òun, ṣé títí dé ìgbà méje? Pétérù rò pé òun ti ṣe dáadáa. Jésù ní àádọ́rin ìgbà méje, ó sì pa òwe ọba kan tó fẹ́ bá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣírò owó. Ẹ kíyè sí i: ìṣirò ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Wọ́n mú ìránṣẹ́ kan wá tó jẹ ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tí mo fi jẹun fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà, bó ti wà nínú Mátíù orí ogún. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí 6,000 dénárì. Ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, ìyẹn 10,000, jẹ́ owó iṣẹ́ 60,000,000 ọjọ́. Bí ọkùnrin náà bá ń ṣiṣẹ́ ní 300 ọjọ́ lọ́dún tí kò sì ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, yóò fi 200,000 ọdún san án. Ó sì wólẹ̀ níwájú ọba, ó ní, "Ẹ mú sùúrù fún mi, n ó san gbogbo rẹ̀." Kò tíì mọ ohun tó jẹ. Ọba fi jì í.

Ìránṣẹ́ náà jáde, ó rí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dénárì. Ó dì í mú ní ọ̀fun.

A máa ń kà á bíi pé 100 dénárì kò jẹ́ nǹkan kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, bí ẹnì kan bá gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ yín tí kò dá a padà, ṣé nǹkan kékeré ni? Jésù kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí wọ́n ṣe sí ọ. Ó sọ iye rẹ̀, ó jẹ́ kó pọ̀. Ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Ọlọ́run fi jì ọ́. Ẹni tí kò bá tíì ka gbèsè tirẹ̀ níwájú Ọlọ́run kò ní lè fi ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jì í. Yóò kàn máa tiraka ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi.

Ọdún 1986 ni bàbá mi kú. Ó ku ọdún kan kí n parí girama. Oko kòkó kan ló fi sílẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbí yóò rántí pé ọdún yẹn gan-an ni ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká, oníṣòwò wá ń bá àgbẹ̀ dúnàádúrà fúnra rẹ̀, owó kòkó sì fò sókè. Oko tí ẹnikẹ́ni kì í yà wò di oko tí gbogbo ẹbí ń fojú sí lára. Kí a tó ṣe ogójì ọjọ́ bàbá mi, àbúrò rẹ̀ kan ti kó àwọn alágbàṣe lọ síbẹ̀. Ó ní oko ẹ̀gbọ́n òun ni, obìnrin kì í jogún oko, èmi sì jẹ́ ọmọdé. Ìyá mi lọ bá a. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní kò ní kó dá oko padà, kó kàn jẹ́ kí ìkórè ọdún yẹn san owó ìdánwò mi. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá kó wá wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín. A padà sílé. Ìyá mi ta ẹtù ìgbéyàwó rẹ̀, síbẹ̀ owó ò pé. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi ọdún méjì ṣáájú mi jókòó ìdánwò àṣejáde.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú fún ọdún mẹ́tàlélógún. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ń kọ́ni ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí a bá ń ka àdúrà Olúwa, tí a bá dé "bí àwa ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá," mo máa ń pa ẹnu mọ́, mo máa ń dúró dè wọ́n ní "má ṣe fà wá sínú ìdánwò." Ìyàwó mi fura. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló ń há mi lọ́fun níbẹ̀. Mo ní ikọ́ ni.

Ìyá mi kú ní 2009. Àbúrò bàbá mi wá síbi ìsìnkú, ó jókòó ní ìlà iwájú, ó jẹun, ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe máa pín àga. Ní òru ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo mú ìwé ọmọ mi kan, mo ṣí ojú ewé tó mọ́, mo kọ orúkọ ọkùnrin náà sókè bí mo ṣe ń kọ àwọn tó jẹ ìyá mi lówó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oko kòkó, pẹ̀lú ìkórè ọdún mẹ́tàlélógún. Owó ìdánwò. Ẹtù ìyá mi. Ọdún méjì. Mo rò pé mo ti kọ ọ́ tán, ọwọ́ mi ò tíì dúró. Mo rí i pé mo ti kọ "Ẹ̀rín."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sunkún bí ọmọdé. Fún ọdún mẹ́tàlélógún, mo rò pé kòkó ló ń dùn mí. Bí wọ́n bá dá oko náà padà fún mi lọ́jọ́ kejì, inú mi kò ní rọ̀, torí kì í ṣe oko. Ẹ̀rín tó rín ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ ni. Bí mo bá ti sọ pé mo dárí jì í ṣáájú ọjọ́ yẹn, oko nìkan ni ǹ bá fi jì í, ẹ̀rín náà á sì ṣẹ́kù sí mi nínú. Ohun tí ìyá mi ń sọ nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ sí Olúwa létí, mo gbé ohùn sókè níwọ̀n tí òru gbà. Mo fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo lọ bá ọkùnrin náà ní abúlé. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ oko yẹn, àti ọjọ́ tí ìyá mi wá bẹ̀ yín, mo ti fi jì yín." Ó ní, "Èwo nìyẹn? Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi jì mí?" Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo jáde, inú mi ń hó. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, mo bi ara mi pé ṣé ìdáríjì náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan níbí ń ronú nípa Lúùkù orí kẹtàdínlógún, níbi tí Olúwa ti ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, bá a wí, bó bá sì ronú pìwà dà, dárí jì í. Ṣé ẹni tí kò ronú pìwà dà ńkọ́? Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí mo sì dé nìyí. Opó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìyá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá," nítorí náà ó lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, òun àti ìyá mi sì di ọ̀rẹ́. Bí ó bá ti ní òun ò jẹ gbèsè kankan, ìyá mi ṣì lè fa ìlà náà, ìwé ìyá mi ni. Ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yẹn. Nígbà tí Jésù wà lórí àgbélébùú, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà tó tọrọ àforíjì. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké lé. Ó ní, "Baba, dárí jì wọ́n." Sítéfánù ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkúta ṣì ń bà á. Bí wọ́n bá ronú pìwà dà lẹ́yìn náà, wọn yóò bá ìdáríjì níbi tó ti ń dúró dè wọ́n. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ni adájọ́. Èmi ò fẹ́ jẹ́ adájọ́ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ìdáríjì, torí ó ti pa àwọn kan lára.

Nígbà tó yá, ẹbí wa fẹ́ fi ìwé ilẹ̀ kan sọ́wọ́ ọkùnrin yìí kan náà torí òun ni àgbà. Mo dìde ní ìpàdé, mo ní rárá. Mi ò pariwo. Ẹnì kan ní, "Ṣebí o ti ní o dárí jì í?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo dárí jì í, ìwé ilẹ̀ náà kò sì ní dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ò yé wọn. Ẹ ka Tímótì Kejì orí kẹrin. Pọ́ọ̀lù ní Alẹkisáńdà alágbẹ̀dẹ bàbà ṣe òun ní ibi púpọ̀, Olúwa ni yóò san án fún un, ó sì sọ fún Tímótì pé kí òun náà máa ṣọ́ra fún un. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù ti ní gbogbo ènìyàn fi òun sílẹ̀ nígbà tí òun kọ́kọ́ jẹ́jọ́, kí Ọlọ́run má kà á sí wọn lọ́rùn. Nínú lẹ́tà kan náà, láti ọwọ́ ẹnì kan náà, nínú ẹ̀wọ̀n kan náà.

Jósẹ́fù náà ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á ní ogún owó fàdákà. Nígbà tí ìyàn gbé wọn dé iwájú rẹ̀ ní Íjíbítì, tí wọn kò mọ̀ ọ́n, kò yára gbá wọn mọ́ra. Ó fi wọ́n sí àhámọ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó dá Síméónì dúró sí àhámọ́. Ó fi ife fàdákà sínú àpò Bẹ́ńjámínì. Kí ló ń wá? Ó ń wò bóyá wọ́n tún lè fi ọmọ bàbá wọn sílẹ̀ ní oko ẹrú kí wọ́n sì máa lọ sílé. Júdà ló jáde síwájú pé kí òun di ẹrú dípò ọmọ náà. Júdà yìí, ẹ rántí, ni ẹni tó dá a lábàá nígbà àkọ́kọ́ pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù! Ibẹ̀ ni Jósẹ́fù kò ti lè mú un mọ́ra, tó bú sẹ́kún. Ẹni tó dárí jini lè yẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Èyí tó sì máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà wà ní orí àádọ́ta. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni bàbá wọn fi gbé ní Íjíbítì, Jósẹ́fù ń bọ́ gbogbo wọn. Bàbá kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ránṣẹ́ sí i pé bàbá ní kó dárí jì wọ́n kó tó kú. Ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún! Jósẹ́fù sunkún nígbà tó gbọ́. Ìdáríjì ti wà nínú ilé fún gbogbo ọdún yẹn, wọn kò gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ti dárí jì, ẹ gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fi jì yín máa sunkún.

Àwa Èkìtì náà ní ìwé tiwa. Wọ́n ní ọmọ Èkìtì lágídí, a ò sì jiyàn. Ohun tí àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso, ṣe nínú ìlú wa ló dá ogun Kírìjì sílẹ̀, tí jagunjagun Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí kọ̀ jálẹ̀, tí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú tó para pọ̀ kọjú ìjà sí Ìbàdàn, dìde. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń rìn láàárín ibùdó àti ibùdó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ní oṣù kẹsàn-án 1886, ìhà méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìwé náà sọ ohun tí oníkálukú ń béèrè, ìlú tó máa wà lábẹ́ ẹni yìí, ẹni tó ní òmìnira lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún. Wọ́n kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ó di 1893 kí ibùdó ogun méjèèjì tó tú ká. Ọdún méje. Ìbọn dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ẹnì kejì. Bí odidi ìlú bá gba ọdún méje kí wọ́n tó fọkàn tán ara wọn lẹ́yìn àdéhùn, ẹ má fi ipá mú ọmọbìnrin yín láti fọkàn tán ẹni tó dalẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Ta ló sì mú ìhìn rere dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wa? Àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n kó lẹ́rú nínú ogun wọ̀nyí ni, tí wọ́n gbọ́ nípa Jésù ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó, tí wọ́n sì padà wálé nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Àwọn tí wọ́n fi okùn fà jáde ni wọ́n fi Bíbélì wọlé. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ wọn bí mo bá ń gba abẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kọjá. Wọ́n dé ulé, bí àwa Èkìtì ti ń pè é, wọ́n bá àwọn ìbátan tí kò rà wọ́n padà. Ohun tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ni "dárí jì wá."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ fi etí sí mi. Bí obìnrin kan bá wá bá yín pẹ̀lú ojú wíwú pé ọkọ òun na òun, ẹ má fi Mátíù orí kejìdínlógún lé e padà sínú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó lè dárí ji ọkùnrin náà láti ilé ìyá rẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa ti ṣe òfin lórí ìwà ipá sí obìnrin àti sí ará ilé láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Òfin yẹn kì í ṣe ọ̀tá ìdáríjì. Róòmù orí kẹtàlá ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni aláṣẹ tó ń fìyà jẹ oníbi. Bákan náà ni ti ọmọ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́: ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ má pe ìpàdé ẹbí. Ìdáríjì ọmọ náà, bó bá dé, òun àti Ọlọ́run ló mọ ọjọ́ tó máa dé. Ẹni tó bá ń kánjú rẹ̀ fún un, ẹ̀gbẹ́ oníbi ló dúró sí, bó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun.

Ní ti àádọ́rin ìgbà méje, mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ 490 ló túmọ̀ sí. Ní báyìí, mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo lè gba gbogbo 490 náà. Mo fa ìlà ní òru yẹn ní 2009. Ní àárọ̀ kejì, mo gbọ́ òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì, ẹ̀rín náà padà dé. Mo tún fi jì í. Lóṣù kẹta, ọmọ mi fẹ́ san owó ìdánwò, ó tún dé. Mo tún fi jì í. Kì í ṣe pé ti àkọ́kọ́ kò ràn. Egbò lè jinná, àpá rẹ̀ a máa yún nígbà òjò. Bó bá yún, ẹ má sọ pé ẹ ò tíì dárí jì. Ẹ sọ pé mo ti fa ìlà lórí ìyẹn, kí ẹ sì gbàdúrà fún ẹni náà ní orúkọ rẹ̀. Ó ṣòro gan-an ní ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Nínú tèmi, ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni mo kíyè sí i pé mo ti ń ka àdúrà Olúwa láì dánu dúró.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo tún lọ kí i. Ó ti darúgbó gan-an, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gún iyán, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ó ní bàbá ò fẹ́ jẹun láti àárọ̀. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó tẹjú mọ́ mi títí, ojú rẹ̀ bá yí padà. Ó gbá ọwọ́ mi mú. Bàbá mi ló ń wò lójú mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dé? Oko yẹn ńkọ́? Ẹ ò bínú?"

Mo ní, "Oko wà níbẹ̀, àbúrò mi. Ó ń so. N kò bínú."

Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kejì bu òkèlè, mo fi kan ẹ̀fọ́, mo gbé e sí i lẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́.